Ẹ̀yin Atẹ̀wé, Ta Ló Ní Kí Ẹ Bá Mi Pa Aró Mi Dà?

Gbogbo ẹni tí ó ń yàwòrán ìtàn ní ilẹ̀ yìí, tí ó sì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé rí, yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ kí n tó dé ibẹ̀. A ó tẹ orí kodò sórí iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, a ó fi owó oúnjẹ ra dátà, a ó wo ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan títí omi yóò fi máa bọ́ lójú wa, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé e lé ọwọ́ ẹni tí kò ní wo ẹyọ ojú-ìwé kan nínú rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìwà yìí mì. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún mi ní Ṣómólú, ní Èkó, lọ́sẹ̀ tí ó kọjá kò ṣe é gbé mì, n kò sì ní gbé e mì.

Ìtàn ìyá aláró kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni mo yà. Ẹni tí kò bá dúró ti ìkòkò aró rí lè má mọ̀ pé bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹlú, kì í tíì dúdú. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò tó máa yí padà díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni, títí yóò fi di aró. N kò tíì rí ohun tí ó wù mí láti yà tó ìyẹn láyé mi. Odidi ojú-ìwé kan ni mo fi sílẹ̀ fún un láìsí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀: àpótí àwòrán mẹ́rin, aṣọ kan náà, ọwọ́ ìyá kan náà, àwọ̀ ewé ní òkè, aró ní ìsàlẹ̀, àti àwọ̀ méjì láàárín wọn tí mo ń pò tí mo ń tún pò títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Orí ojú-ìwé yẹn ni gbogbo ìtàn náà dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tí ó ti búra pé òun kò ní kọ́ iṣẹ́ ìyá òun ti yí ọkàn padà. Àdìrẹ tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà wọ̀, n kò dà á kọ láti ibì kankan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí ó wà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti ṣíbí tí ó wà láàárín wọn, mo sì jẹ́ kí ilà wọn wọ́ díẹ̀, kí ó lè hàn pé ènìyàn ni ó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ náà.

Ní ti ètò títẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ pé n kò ṣe. Ojú-ìwé 32 ni ìwé náà, nítorí ìwé tí a bá fi pín-ìn-nì dè láàárín gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Mo yà á ní 300 dpi, ìyẹn tóótó 300 nínú íǹṣì kan, kí àwòrán lè mọ́ kedere. Mo fi mìlímítà 3 sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí yóò gé e, n kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan sún mọ́ etí. Mo yí gbogbo àwọ̀ rẹ̀ padà kúrò ní ti ojú kọ̀ǹpútà sí ti fọ́ọ̀ kọ́lọ̀, ìyẹn yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń pò gbogbo àwọ̀, mo sì kọ iye májẹ́ńtà, yíǹkì tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí n kò fẹ́ kí wọ́n kọjá sínú bébà kan tí mo lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ búlúù tí ó jinlẹ̀ rí mọ̀ pé bí májẹ́ńtà bá ti ń sún mọ́ sáyáànì, yíǹkì búlúù, jù, elésè-àlùkò ni yóò jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ DI, èyí tí ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà, tẹ prúùfù fún mi, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò. Prúùfù náà dára débi pé mo fi han gbogbo ilé. Mo fọwọ́ sí i, mo san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó wọn, mo sì lọ san owó àyè sílẹ̀ níbi ìpàtẹ tí a fẹ́ ṣe.

Nígbà tí mo padà lọ kó ẹ̀dà 500 tí a jọ ṣàdéhùn, wọ́n ti di gbogbo rẹ̀ sínú páálí, wọ́n sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ọmọkùnrin tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ní, "Àǹtí, ẹ kú oríire, iṣẹ́ yín ti jáde o." Mo ní kí ó tú páálí kan. Ó ní kò pọn dandan, pé ọkọ̀ tí yóò gbé e ti ń dúró. Mo tún ní kí ó tú u. Ó wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí, nítorí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kí ó tó tú páálí.

Ìyá aláró mi wọ elésè-àlùkò. Ojú ọ̀run jẹ́ elésè-àlùkò, omi inú ìkòkò jẹ́ elésè-àlùkò, òru tí mo fi aró tí ó jinlẹ̀ jù lọ yà di elésè-àlùkò láti òkè délẹ̀. Ojú-ìwé tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó rí bákan náà. Àwọ̀ ewé kò sí níbẹ̀, aró kò sí níbẹ̀, obìnrin kan kàn ń gbé aṣọ kan sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìnídìí. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà kò ní mọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí tí ó fi ń sunkún. Ní ojú-ìwé tí ó kọjú sí i, rẹ́jísítà kò bá ara mu, ìyẹn ni pé àwọn yíǹkì náà kò bọ́ sórí ara wọn, ìyá náà sì ní ètè méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò. Ẹni tí ó gé e kò ka ti etí tí mo fi sílẹ̀ sí, ó gé e wọnú, ó sì gé ìdajì ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ ní ojú-ìwé tí ó kẹ́yìn dànù. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìtàn náà fi parí nìyẹn o!

Mo ní kí wọ́n pe ẹni tí ó darí ẹ̀rọ fún mi. Ó wo ojú-ìwé náà, ó wo prúùfù tí mo mú lọ́wọ́, ó tún wo ojú-ìwé náà, ó ní, "Ṣé búlúù kọ́ nìyẹn ni?" Mo bi í léèrè bébà tí mo kọ iye àwọ̀ sí. Kò rí i rí. A wá a títí, a sì bá a lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti fi nu ọwọ́. Nígbà náà ni ó wá ṣàlàyé fún mi, láìtijú, pé iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ni ó wà lórí ẹ̀rọ kí tèmi tó gorí rẹ̀, pé pọ́pù, ìyẹn elésè-àlùkò, ni aṣọ ẹbí wọn, pé àwọn ti tú májẹ́ńtà sílẹ̀ dáadáa nítorí tiwọn, nígbà tí ó sì kan tèmi, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn kò fẹ́ máa tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aṣọ ẹbí àwọn tí n kò mọ̀ rí ni wọ́n fi pa aró mi dà.

Alájì tí ó ni ilé iṣẹ́ náà jáde sí wa nígbà tí ohùn mi ti lọ sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ṣebí àwọn ọmọdé ni yóò kà á? Ọmọdé wo ni ó mọ pọ́pù yàtọ̀ sí búlúù?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àgbàlagbà ni mo yà á fún, bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé pàápàá, ọmọdé ní ojú." Ó ní òun yóò ṣe ẹ̀dínwó fún mi nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn! Mo ti ná owó ìgbà yìí tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí ni ó ń pa mí lára jù. Akinola Lasekan ti ń yàwòrán sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti ọdún 1944, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso lé wa lórí, ìjọba amúnisìn náà ni ó sì ń fi ìlà dúdú bá wí. Ṣé ọmọdé ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ni? Nígbà tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán Ikebe Super ní 1976, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń rà á. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ilé ìtẹ̀wé wa ti ń rí ìwé àwòrán, síbẹ̀ wọn kò tíì kà á kún iṣẹ́. Bí olówó bá kú, tí wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ wá, ẹ lọ wo bí wọn yóò ṣe yẹ àwọ̀ fìlà rẹ̀ wò ní ìgbà mélòó kí ẹ̀rọ tó yí, torí àwọn mọ̀lẹ́bí yóò fọ́ ilé náà bí ó bá yàtọ̀.

Èyí tí n kò lè dárí jì wọ́n ni ti èèpo ìwé náà. Ọwọ́ ni mo fi kọ àkọlé rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún ìwé àwòrán kò mọ bí a ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà tí ó ti ní àmì nísàlẹ̀. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. A ní láti so àmì náà mọ́ wọn ni, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmì náà yóò fò síbi tí ó bá wù ú. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó tí mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tòun ti àmì rẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kí ojú rí i. Ọ̀gbẹ́ni tí ó wà nídìí CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, rò pé ìdọ̀tí ni àwọn àmì ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn. Ó bá mi nù wọ́n kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé òun bá mi tún iṣẹ́ náà ṣe kí ó lè mọ́. Ọmọ Yorùbá ni. Yorùbá ni ó fi ń ṣàlàyé fún mi.

N kò tíì sọ ti bébà. Bébà tí ó nípọn, tí wọ́n ń pè ní gíráàmù 115, ni a jọ fẹnu kò sí, èyí tí wọ́n lò sì fẹ́lẹ́ débi pé àwòrán ẹ̀yìn ń yọjú sí ti iwájú. Wọ́n ní bébà ti wọ́n. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ni gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wọlé ti ń gbówó lórí, òkè òkun sì ni bébà tí ń dán yìí ti ń wá. Ṣùgbọ́n owó bébà tí ó wọ́n ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá lọ fi èyí tí kò wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Iná tí mo fi ya gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìsọ̀rí tí iná rẹ̀ yẹ kí ó pẹ́ jù, láti náírà 68 sí 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, wọ́n sì ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún wọn. Àdúgbò tèmi kò sí lára wọn. Òru ni iná máa ń wá, òru ni mo sì ń yàwòrán, bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ó rí ojú mi yóò ní, "Ìwọ tí ò ń jókòó ya àwòrán lásán, kí ló rẹ̀ ọ́?" Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ayàwòrán Kugali ti bá Disney ṣe eré àwòrán Iwájú ní 2024, àwọn kan náà yìí ti ń béèrè ìgbà tí Disney yóò pe èmi náà. Inú mi dùn gidigidi sí àṣeyọrí àwọn Kugali. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lè pe ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìwé rẹ̀, kí ó sì rí i ní àwọ̀ tí ẹni tí ó yà á fún un. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú pa ti títẹ̀ tì, kí n fi PDF ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn lórí WhatsApp. Ẹni kan yóò sanwó, ìlú yóò sì kà á. Mo fẹ́ ìwé tí ènìyàn lè gbé sórí itan, kí ó ṣí àárín rẹ̀, kí òru Ìtòkú sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Èmi kò rí i pé ohun tí mo ń béèrè pọ̀ jù.

Ó yá, kí gbogbo ilé ìtẹ̀wé láti Ṣómólú dé Múṣín ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n kó àwọn tí ń darí ẹ̀rọ, àwọn tí ń gé ìwé àti àwọn tí ń nu àmì kúrò wá sí Ìtòkú, kí wọ́n dúró níbẹ̀ kí wọ́n wo aṣọ kan láti ìgbà tí ó jáde nínú ìkòkò títí yóò fi dúdú, ẹni tí kò bá sì wá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ayàwòrán mọ́. Alájì ní tirẹ̀, kí ó tún ẹ̀dà 500 náà tẹ̀, lórí gíráàmù 115, tàmì-tàmì, kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Mo fi gbogbo páálí náà sílẹ̀ níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì ní san kọ́bọ̀ nínú owó tí ó ṣẹ́kù.