Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ girama fọwọ́ ara wọn dán nǹkan wò ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà

Ní ọ̀pọ̀ iléèwé girama, bí kíláàsì iṣẹ́ ọnà ṣe máa ń lọ ò ṣòro mọ̀. Tíṣà á ya ìkòkò sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé wọn, ẹni tí tiẹ̀ bá jọ ti tíṣà jù ló máa gba máàkì tó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á sì máa ṣe títí wọ́n á fi jáde. Ọmọ á lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, pẹ́ńsùlù àti kíréyọ̀nù nìkan ló mọ̀, kò sẹ́ni tó bi í rí pé "tó o bá ṣe é báyìí ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Àwa ò fara mọ́ ọn. Ohun tá à ń sọ ni pé kí dídán nǹkan wò di ara iṣẹ́ gan-an, kó ní máàkì tiẹ̀, kó má jẹ́ eré ọjọ́ tí tíṣà ò bá rí nǹkan kọ́ wọn.

Ẹ wo nǹkan kékeré bí àbẹ́là. Ọmọ fi àbẹ́là funfun fa ìlà sórí bébà, kò rí nǹkan kan, ó wá fi ọ̀dà olómi kùn ún, ìlà yẹn á yọ funfun torí pé ìda kì í gba omi. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí tíṣà ti dákẹ́ díẹ̀. Torí ọmọ kan á fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà tó ki náà ò ní dúró lórí ìda, òmíì á kọ́kọ́ fi yẹ́lò kun bébà kó tó fa àbẹ́là, á jẹ́ kó gbẹ, á wá fi búlúù bo gbogbo ẹ̀, á sì rí i pé ìlà yẹ́lò ló kù láàárín girínì. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi rí i, kò sì ní gbàgbé. Tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà pa gíláàsì, kí wọ́n rọra tẹ́ bébà lé e, kí wọ́n fi igi tín-ín-rín yàwòrán sẹ́yìn bébà náà: tí wọ́n bá ṣí i, ọ̀tún ti di òsì, ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀ á rí i pé ó yí padà. Max Ernst, ayàwòrán ọmọ Jámánì, náà dán irú ẹ̀ wò ní 1925: pákó ilẹ̀ ló ń wò, ló bá tẹ́ bébà lé e tó fi pẹ́ńsùlù dúdú ra á, ojú igi yẹn jáde, inú ẹ̀ ló sì ti ń rí igbó àti ẹyẹ tó wá di àwòrán.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ní Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar ní Jámánì ní 1919, kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọ yàrá iṣẹ́, Johannes Itten ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí Josef Albers bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀ ní 1923, ìwé ìròyìn ló kó fún wọn. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ sọ nígbà tó yá pé Albers ní kí wọ́n wá nǹkan fi ìwé ìròyìn náà ṣe, kí wọ́n má fi ṣòfò, ó sì jáde lọ. Àwọn kan ṣe ilé olódi, àwọn kan ṣe ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí Albers pa dà dé, ó ní àwọn nǹkan yẹn ì bá dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní nǹkan míì ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tó yìn ni ti ẹni tó kàn ká bébà sí méjì ní gígùn tó fi dá dúró lórí etí ara ẹ̀, nítorí ẹni yẹn ti rí ohun tí bébà fúnra ẹ̀ lè ṣe.

Àwọn kan á ní owó ò sí. A gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí àti èédú kì í ṣe nǹkan ọlọ́lá. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá sẹ́ kúnná tí wọ́n sì pò mọ́ gúlù, ọ̀dà ni, torí ìyẹ̀fun aláwọ̀ àti ohun tó ń mú un lẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀dà tí wọ́n ń tà. Ìdérí ìgò ọtí àti wáyà kọ́pà ni El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà, ń so pọ̀ tó fi ń bo ògiri gbàgàdà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Biennale ní Venice ní Ítálì ní 2015. Àwọn míì ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ ò ní mọ àwòrán yà mọ́. A ò ní kí wọ́n pa àwòrán yíyà tì, kódà ẹni tó bá ti fi èédú, igi àti íńkì yàwòrán kan náà á mọ ohun tí ìlà ń ṣe ju ẹni tó ń fi pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo yà á lọ. Ibi tí a ò ti ní gba gbẹ̀rẹ́ ni ewu: POP, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó fi ń le, máa ń gbóná gan-an tó bá ń le, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ kẹ́míkà kankan.

Máàkì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ girama ń ṣe ní England, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín máàkì iṣẹ́ ọnà sí, ìdá 25 nínú 100 wà fún ẹni tó bá dán oríṣiríṣi ohun èlò àti ọ̀nà iṣẹ́ wò, tó sì ń tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí àwọn àjọ ìdánwò yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra, torí ó ti rọrùn jù kí ọmọ lẹ aṣọ pélébé-pélébé mọ́ ìwé ogún ojú ewé láìbéèrè nǹkan kan, ká wá pè é ní dídán wò. Ìbéèrè kan ni kó mú, kó yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ so píríọ́dù méjì pọ̀ fún wọn, torí ogójì ìṣẹ́jú ò tó kó nǹkan jáde, kó gbẹ, kí wọ́n tún palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí tíṣà náà ráyè fọwọ́ kan ohun èlò kó tó wọ kíláàsì. Tí wọ́n bá sì ń gba iṣẹ́ àṣekágbá, kí wọ́n gba ìwé tí ọmọ fi ń dán nǹkan wò mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo ojú ewé tó bàjẹ́ nínú ẹ̀, kí tíṣà má ní kó fà wọ́n ya.