Òṣèré ni Harrison Ford kí ó tó di káfíńtà

Ìtàn kan ti di àtẹnudẹ́nu, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ọgbọ́n wọn kò kéré. Wọ́n ní Harrison Ford, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, pé níbi tí ó ti ń kan ilẹ̀kùn ni George Lucas, olùdarí fíìmù, ti ṣàdédé rí i, tí ojú rẹ̀ wù ú, tí ó sì fi í sínú fíìmù Star Wars láìjẹ́ pé ó ṣe eré rí. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ó fi ọwọ́ pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́.

Eré ni ó gbé Ford, tí wọ́n bí sí Chicago ní 1942, dé Los Angeles ní 1964. Kì í ṣe igi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ripon ní Wisconsin ni eré orí ìtàgé ti wọ̀ ọ́ lára. Iléeṣẹ́ fíìmù Columbia gbà á pẹ̀lú àdéhùn 150 dọ́là lọ́sẹ̀, nígbà tí ó sì di 1966, ó fara hàn nínú fíìmù Dead Heat on a Merry-Go-Round gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí ó wá jíṣẹ́ fún àlejò kan. Ìran kan ṣoṣo ni, kò sì gùn. Ford fúnra rẹ̀ ti ròyìn pé ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ náà pe òun lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ní Ford kò lè rọ́nà lọ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé nígbà tí Tony Curtis kọ́kọ́ gbé ẹrù oúnjẹ wọlé nínú fíìmù, ojú ẹsẹ̀ ni ènìyàn ti mọ̀ pé gbajúmọ̀ òṣèré nìyí. Ford dá a lóhùn pé ọmọ tí ń gbé ẹrù oúnjẹ ni òun rò pé ó yẹ kí ènìyàn rí. Mo fẹ́ràn èsì yìí gan-an, nítorí ẹni tí ó bá lè sọ irú rẹ̀ ti mọ ohun tí iṣẹ́ òṣèré jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ipa kéékèèké lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú The Virginian, Ironside, Gunsmoke àti Kung Fu. Ó ti níyàwó, ó ti bí ọmọkùnrin méjì, owó tí ń wọlé kò sì tó gbọ́ bùkátà. Ibí yìí ni iṣẹ́ igi ti wọlé. Inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ, kò sì pẹ́ tí ó fi kọ́ yàrá ìgborinsílẹ̀ fún Sergio Mendes, olórin ará Brazil. Òṣèré tí ó fi ayùn àti ìfági bọ́ ìdílé rẹ̀ ni, kí ó má bàa di dandan fún un láti gba gbogbo ipa tí wọ́n bá jù sí i.

Fred Roos, tí ó máa ń bá àwọn olùdarí ṣa òṣèré nígbà náà, mọ̀ ọ́n dáadáa. American Graffiti, tí Roos bá wọn ṣa òṣèré sí, jáde ní 1973: Lucas ni ó darí rẹ̀, Francis Ford Coppola ni olùgbéjáde, Ford sì wà nínú rẹ̀. Ní 1974, Coppola tún lò ó nínú The Conversation. Ọ́fíìsì Coppola yìí gan-an ni ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé ń sọ wà. Gẹ́gẹ́ bí Ford ṣe sọ ọ́, òun ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti bẹ́líìtì irinṣẹ́ ní ìbàdí, ni Lucas wọlé pẹ̀lú Richard Dreyfuss, tí òun náà ṣe eré nínú American Graffiti. Ta ni àjèjì sí ẹnì kejì rẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí?

Ìpàdé náà pàápàá kọ́ ni ó fún un níṣẹ́. Ojú tuntun ni Lucas ń wá fún Star Wars, kò sì fẹ́ lo àwọn òṣèré American Graffiti mọ́. Ohun tí wọ́n ní kí Ford ṣe ni kí ó máa bá àwọn tí ó wá dánwò ka ọ̀rọ̀ eré, kí wọ́n lè mọ bí àwọn yẹn ṣe mọ̀ ọ́n ṣe sí. Ó bá ẹni kan kà, ó bá ẹlòmíràn kà, títí tí ọ̀rọ̀ Han Solo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn Star Wars, fi bá a lẹ́nu mu ju ti àwọn tí ó wá fún un lọ. Ford ti sọ pé ó ya òun lẹ́nu nígbà tí wọ́n fún òun ní ipa náà. Star Wars jáde ní 1977, ọdún 11 lẹ́yìn ọmọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wá American Graffiti wò. Ọkùnrin tí ó dé fìlà funfun, tí ó jókòó sínú ọkọ̀ Chevrolet 1955 dúdú, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá a sá eré ìje lóru, Harrison Ford ni, ọdún mẹ́rin gbáko ṣáájú Han Solo.