Òkè Ìdànrè kò tíì wọ ìwé Ogún Àgbáyé

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti fi Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sínú Ogún Àgbáyé, ìyẹn ìwé àwọn ibi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, àti pé Olúmọ wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìfẹ́ ilé ló mú ẹni tó kọ ọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Méjì péré ni ti Nàìjíríà tó wọlé: Sukur, abúlé orí òkè ní Adamawa, lọ́dún 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo lọ́dún 2005.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni pé ìwé méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún ibi tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti gbà wọlé. Èkejì ni orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ń kọ ibi tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ iwájú sí. Inú èkejì yìí ni Òkè Ìdànrè wà láti 2007. Kí a kọ orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe kí a gbà á wọlé.

Ẹ lọ sí whc.unesco.org, kí ẹ wá Nàìjíríà. Wọ́n pín méjèèjì sọ́tọ̀ níbẹ̀ kedere.

Èyí kò bu Ìdànrè kù rárá. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 náà yóò bá ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, lókè, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun ṣì wà ní Olúmọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá sí àwọn ọmọ iléèwé.