Blur kọ́ ló máa pa ariwo kọ́lọ̀ nínú fótò ówàńbẹ̀ yín

Ẹ dákun, ta ló ń kọ́ àwọn èèyàn pé tí kọ́lọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú fótò, kí wọ́n sáà ti da blur tàbí soft filter bò ó, ó máa rọ̀? Ẹ wo fótò ówàńbẹ̀ kan, gèlè pupa, fìlà àwọ̀ ewé, kánópì yẹ́lò, kúlà búlúù lẹ́yìn, wọ́n á fà á sínú ápù, wọ́n á blur gbogbo ẹ̀, wọ́n á ní ó ti rọ̀ báyìí. Rọ̀ bíi ti báwo? Ojú olóde ló pòórá o, kánópì yẹ́lò yẹn ṣì dúró gbagidi.

Iṣẹ́ blur ò ju pé ó ń po píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò, mọ́ àwọn tó yí i ká. Nǹkan wínníwínní nìyẹn máa ń jẹ: ìpéǹpéjú, ìlà ẹnu, bátànì léèsì. Kánópì tó gba ìdajì fótò ńkọ́? Yẹ́lò ló yí yẹ́lò ká níbẹ̀, ẹ pò ó títí, yẹ́lò náà ni. Léèsì tó ní búlúù àti yẹ́lò kéékèèké ló máa wá dà bí eérú, èyí tẹ́ ẹ fowó rà gan-an.

Ojú èèyàn, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló fi ń dá nǹkan kéékèèké mọ̀, tó bá kan kọ́lọ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe JPEG, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fótò wa ń wà, ní 1992 mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ JPEG fi ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àmọ́ tí wọ́n ń fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kọ́lọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo pín lò, kò sì sẹ́ni tó fura. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Photoshop, ẹ gbé fótò sí Lab, níbi tí ìmọ́lẹ̀ (Lightness) àti kọ́lọ̀ (a àti b) ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ blur a àti b díẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ wá blur Lightness, ha, gbogbo ẹ̀ á di bàìbàì.

Àwọn míì á ní ká sáà sọ ọ́ di black and white. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀ jàre. Nínú ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò, àwọ̀ ewé ló ń kó bíi 59% nínú ìmọ́lẹ̀, pupa 30%, búlúù 11%, torí náà, tá a bá ń ka agbára àwọ̀ láti 0 dé 255, pupa 255 àti àwọ̀ ewé 130, eérú 76 kan náà ni méjèèjì máa dà. Gèlè ìyá á wá lẹ̀ mọ́ fìlà bàbá bí ẹni rán wọn pọ̀.

Kọ́lọ̀ tó ń pariwo gan-an ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ fa saturation tiẹ̀ nìkan, ìyẹn bí kọ́lọ̀ ṣe ń tàn tó, wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un ṣókùnkùn díẹ̀. Ó wà ní Color Mixer nínú ápù Lightroom. Àmọ́ ẹ rọra o, yẹ́lò tẹ́ ẹ bá fà níbẹ̀, gbogbo yẹ́lò inú fótò ló ń bá a lọ, góòlù ọrùn ìyá á di irin, tẹ́ ẹ bá sì lọ fọwọ́ kan orange, awọ ara wa nìyẹn, gbogbo ẹbí á funfun bí ẹni tí ò fi ìpara. Èmi Selective inú ápù Snapseed ni mo fẹ́ràn jù, ẹ tẹ ibi tó ń dà yín láàmú, ẹ fà á wálẹ̀ níbẹ̀ nìkan. Kúlà tó wà létí, ẹ gé e dànù, kí la fẹ́ fi ṣe?