Forerunner 55 kò nílò dátà láti wọn eré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní aago eré sísá Garmin Forerunner 55 kò lè wọn eré sísá láìsí fóònù àti dátà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. GPS tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí èèyàn wà, wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba àmì, kò kan íntánẹ́ẹ̀tì. Aago mìíràn, Fitbit Inspire 3, ló ń yá GPS fóònù lò, bóyá òun lẹ rí.

Ṣùgbọ́n áàpù Garmin Connect lórí fóònù ló ń fi ìsọfúnni ipò sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí aago. Bí ẹ kò bá so aago àti áàpù pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á pẹ́ kí aago tó rí sátẹ́láìtì. Ẹ dúró sí gbangba títí àmì GPS á fi di àwọ̀ ewé kí ẹ tó tẹ START. Bí ẹ bá kánjú, ìbẹ̀rẹ̀ eré yín lè má hàn lórí máàpù. Kò sí fóònù? Wáyà USB àti ètò Garmin Express lórí kọ̀ǹpútà á fi ìsọfúnni náà ránṣẹ́ sí aago.