Ẹ Má Tú Àdéhùn Àwọn Kàdẹ́ẹ̀tì West Point

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Army, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point ní ìpínlẹ̀ New York, na yunifásítì Tulane ní 35 sí 14, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ líìgì American Athletic Conference. Láti ọdún 1890 tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níbẹ̀, wọn ò gba ife líìgì kankan rí. Eré 14 ni wọ́n gbá ní sáà náà, wọ́n borí nínú 12, irú rẹ̀ ò sì tíì ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Àwọn ọmọ tó ṣe é ò gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ tàbí àwòrán wọn.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló mú wa kọ̀wé lónìí. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti gba àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì láàyè láti máa fi orúkọ wọn pa owó. Láti ọdún 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ kan tí wọ́n yanjú ní kóòtù, yunifásítì fúnra rẹ̀ ti lè sanwó fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀, títí dé mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Kàdẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ West Point tí wọ́n ń kọ́ láti di ọ̀gá ológun, ò sí nínú ètò yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin kà á sí: ìjọba ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀, wọ́n ń fún un ní owó oṣù tí kò tó nǹkan, òun náà á sì fi ọdún márùn-ún, ó kéré tán, ṣe ọ̀gá ológun nígbà tó bá jáde. Àwọn kan ń sọ pé àsìkò ti tó láti tú àdéhùn yìí kí West Point lè bá ẹgbẹ́ pé. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n má dán an wò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá a ná. Ọ̀gá ológun ò gbọ́dọ̀ sanra kọjá òṣùwọ̀n, nítorí náà Army ò lè kó àwọn òmìrán síwájú bíi ti àwọn yunifásítì ńlá. Ohun tí Jeff Monken, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn láti ọdún 2014, gbójú lé ni pé kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n máa gbé e sáré díẹ̀díẹ̀, kí ẹgbẹ́ kejì má rí i fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n pàdé North Texas ní oṣù Kọkànlá, igun tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, yáàdì 94 ló sì wà níwájú wọn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ó gbà wọ́n ní bí ìṣẹ́jú 14, nínú eré tí ìdá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Army borí, 14 sí 3. Bryson Daily, quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí ìkọlù wọn, tó máa ń forí la àárín àwọn adènà fúnra rẹ̀, sáré gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà 32 ní sáà náà. Ó sì ṣe ipò kẹfà nínú ìbò Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ lọ́dún. Wọn kì í fi owó ra irú eré báyìí láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tó jọ ń jí ní kùtùkùtù, tí wọ́n jọ ń tò lórí ìlà, tí wọ́n sì mọ̀ pé ibi kan náà làwọn ń lọ lẹ́yìn ìwé, ló lè gbá a.

Ẹ fi wé yunifásítì Marshall. Àwọn náà gba ife líìgì tiwọn ní oṣù Kejìlá yẹn, wọ́n sì ti yàn wọ́n láti pàdé Army nínú Independence Bowl, eré ìparí sáà kan ní Shreveport. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn bá tirẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù náà ń wá yunifásítì míì, títí Marshall fi ní àwọn ò lè wá mọ́. Louisiana Tech, tí ìjákulẹ̀ rẹ̀ ju ìṣẹ́gun rẹ̀ lọ ní sáà náà, ni wọ́n fi rọ́pò. Army yọjú, wọ́n sì borí ní 27 sí 6.

A ò ní sọ pé àdéhùn yìí ò ń dunni. Kanye Udoh, tó sáré ju yáàdì 1,000 lọ fún Army ní sáà yẹn, ti lọ sí Arizona State. A ò bá a wí. Òfin gba kàdẹ́ẹ̀tì láàyè láti lọ láìjẹ gbèsè kankan kí ọdún kẹta rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá rí owó tó lè gbé ìdílé rẹ̀ dìde, ta ni yóò ní kó má gbà á? Àwọn òbí Yorùbá ní Maryland àti Houston, tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, mọ ohun tí à ń wí. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí ìjọba torí àwọn tó lọ, kó wá máa yí nǹkan padà mọ́ àwọn tó dúró lọ́wọ́.

Wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní 2017, Jim Mattis, olórí ètò ààbò nígbà náà, fagi lé ìlànà tó jẹ́ kí ẹni tó bá jáde lè kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù olówó. Ní 2019, Ààrẹ Donald Trump ní kí wọ́n tún ọ̀nà náà ṣí. Ní ìparí ọdún 2022, àwọn aṣòfin tún tì í. Andre Carter, adènà Army tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń retí pé ẹgbẹ́ kan nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù olówó, yóò mú, ti wà ní ọdún àṣekágbá rẹ̀ nígbà náà. Díẹ̀ ló kù kí òfin náà ká a mọ́, kí wọ́n tó sáré yọ àwọn tó ti wọlé ṣáájú sílẹ̀. Ìdààmú yẹn ò tọ́ sí ọmọ tó ti tọwọ́ bọ̀wé. Òfin 2022 le, ṣùgbọ́n ó yéni: lọ sin ìlú ná. Roger Staubach ti Navy, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, sìn, ó dé Vietnam, ọdún 1969 ló tó dé Dallas Cowboys, ẹgbẹ́ NFL kan, ó sì gba Super Bowl, ife NFL, lẹ́ẹ̀mejì. A mọ̀ pé irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá náà, Navy na Army ní 31 sí 13 ní Landover ní Maryland, ní Prince George's County tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ẹgbẹ́ méjèèjì jọ lọ dúró síwájú àwọn kàdẹ́ẹ̀tì Army, wọ́n kọ orin ilé ìwé ẹni tó pàdánù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ti Navy, wọ́n kọ tiwọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó tò síbẹ̀ bá ń gba mílíọ̀nù dọ́là, tí ẹni tó fèjìká kàn án ń gba owó oṣù kàdẹ́ẹ̀tì, báwo ni wọn yóò ṣe jọ kó ọmọ ogun lọ sójú ìjà? Dennis Michie tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá West Point, tó kó ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jọ ní 1890, ojú ogun ló kú sí ní Cuba ní 1898.

Kí àwọn aṣòfin ní Washington fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí wọ́n rí i pé wọ́n kà á sétí ọmọ àti òbí kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé, kí àyípadà kankan má sì kan ẹni tó ti wọlé. Bí owó bá wà tí wọ́n fẹ́ ná, kí wọ́n fi kún owó oṣù gbogbo kàdẹ́ẹ̀tì lọ́gbọọgba, àtẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àtẹni tó ń lu ìlù, àtẹni tí kò mọ̀ ju ìwé rẹ̀ lọ.