Ta Ló Ń Bá Ọ Wo Ẹ̀yìn?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí ya onígángan sára ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Iṣẹ́ náà dùn ún wò: agbádá ń fẹ́, iṣan ọrùn yọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ sí i pé, "Ọ̀gá mi, ṣé gángan ni bàbá yìí ń lù ni àbí iyán ló ń gún? Kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ rẹ̀ nàró bí ọmọ odó." Òótọ́ ni. Kọ̀ǹgọ́ gángan máa ń tẹ̀ lórí. Ọmọ àyàn kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ayàwòrán wa ṣe? Ó bùlọ́ọ̀kì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ìlara ń pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹni ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí ibi tí ọ̀nà ti yà.

Bàbá mi fi ọ̀dà ya ọkọ̀ ojú omi àti pátákó ìtajà ní ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tíṣà kan ní Ìkòròdú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni alárìíwísí rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, àwọn awakọ̀ ló ń bá wọn mú un lọ mú un bọ̀. "Sí ọ̀tá mi àtàtà" ni tíṣà fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, bàbá mi ya àrọ̀ fún ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo, ó sì to ìpẹ́ sí i lára. Tíṣà kọ̀wé: "Àrọ̀ tí mo mọ̀, ara rẹ̀ ń yọ̀ ni. Ta ló yá tìrẹ ní ìpẹ́? Bí èpìyà bá wá gba aṣọ rẹ̀, ojú á tì yín o." Bàbá mi fèsì: "Òde ìyàwó ni àrọ̀ mi ń lọ, ìwọ tí o kò rí ẹja rí àfi nínú ọbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí ọ." Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti pa ìpẹ́ náà rẹ́, ó sì fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Ìkòròdú. Nígbà tó kú, inú agolo ọ̀dà la ti bá àwọn lẹ́tà náà, ó fi okùn àwọ̀n dì wọ́n. Kò tọ́jú lẹ́tà ìyìn kankan bẹ́ẹ̀.

Níbi tí kò sí ìfẹ́, ẹ wo bó ṣe ń rí. Ní 1877, ní Lọ́ńdọ̀n, John Ruskin, alárìíwísí iṣẹ́ ọnà, kọ ọ́ síta pé ńṣe ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Whistler da ìkòkò ọ̀dà sí aráyé lójú. Whistler pè é lẹ́jọ́. Ó jàre ní 1878, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́bọ̀ kan péré ni wọ́n ní kí Ruskin san. Owó ẹjọ́ wà lára ohun tó sọ Whistler di onígbèsè, tí ilé fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dákẹ́ gan-an ni mo ń bá wí jù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ àyàn wà nínú yín! Ẹ rí kọ̀ǹgọ́ yẹn, ẹ wá ń kọ "ọwọ́ ẹ mú!" Ìfẹ́ wo nìyẹn? Ọ̀lẹ ni yín.

Ìwọ ọmọ yìí náà, gbọ́: ẹni tó wo iṣẹ́ rẹ dé orí kọ̀ǹgọ́, òun nìkan ló wò ó. Àwọn yòókù kàn kọjá ni. Ṣílẹ̀kùn fún un lónìí, kí o bú u padà, bú u dáadáa bí bàbá mi ṣe ń bú tíṣà. Lẹ́yìn náà, gbé àkàbà lọ sídìí ògiri, kí o tẹ orí kọ̀ǹgọ́ náà.